Ìtọ́jú Eyín Lábẹ́ HMO: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Àwọn Òǹkàwé

Nínú àtẹ̀jáde wa tí ó kọjá, a kọ ìpínrọ̀ kan péré pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní Ìbàdàn ni ó ní ìtọ́jú eyín nínú káàdì HMO, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣètò adójútòfò ìlera, tí wọ́n ń mú kiri, tí wọn kò sì mọ̀. Ìpínrọ̀ yẹn fa lẹ́tà tí ó pọ̀ ju bí a ti rò lọ. A kò lè tẹ gbogbo rẹ̀ jáde. Àwọn tí ẹ ó kà síhìn-ín ni àwọn tí ìbéèrè wọn bá ti ẹlòmíràn mu, a sì ti gé díẹ̀ nínú wọn kúrú. Ẹni tí ó ń dáhùn ti jókòó sídìí tábìlì HMO ní ilé ìwòsàn fún ọdún púpọ̀, nítorí náà èrò ẹni tí ó ti gbọ́ tẹnu aláìsàn, tí ó sì ti gbọ́ tẹnu ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni ẹ ó bá pàdé.

YÍYỌ NÌKAN NI WỌN YÓÒ SAN

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ní Olúyọ̀lé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì fi orúkọ gbogbo wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ HMO kan. Láìpẹ́ yìí, eyín ẹ̀yìn kan bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, pàápàá jù lọ lóru. Mo fẹ́ lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú eyín ní UCH, ṣùgbọ́n HMO ní ilé ìwòsàn eyín kan ní Mọ́kọ́lá ni àwọn lè rán mi lọ. Dókítà tí mo bá níbẹ̀ ní eyín náà ṣì ṣeé gbà là bí a bá tọ́jú gbòǹgbò rẹ̀, ṣùgbọ́n káàdì mi kò gba ìyẹn. Yíyọ nìkan ni wọn yóò san. Ṣé kì í ṣe ẹ̀tàn ni gbogbo ètò yìí?
Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́, Olúyọ̀lé

Àbúrò wa, ẹ kú ìnira. Ẹni tí eyín bá ń dùn ni ó mọ bí òru ṣe gùn tó. Kì í ṣe ẹ̀tàn, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé kò sí ẹni tí ó jókòó tì yín láti ṣàlàyé ohun tí káàdì yẹn lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n fi lé yín lọ́wọ́.

Oríṣi ètò adójútòfò kan wà tí ó jẹ́ pé ibi tí ó bá wù yín ni ẹ ó ti gba ìtọ́jú. Ẹ ó san owó, ẹ ó sì mú rìsíìtì lọ kí ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè dá a padà fún yín. Irú ètò bẹ́ẹ̀ wọ́n. Ti HMO yàtọ̀, nítorí pé nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń dì mú kí owó má baà pọ̀ jù: ibi tí ẹ lè lọ, ohun tí wọ́n lè ṣe fún yín níbẹ̀, àti iye tí ilé ìwòsàn lè gbà lórí rẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ kí agbára ilé-iṣẹ́ yín ká owó náà lórí gbogbo òṣìṣẹ́ ni ó tún fà á tí wọn kò fi jẹ́ kí ẹ lọ sí ibi tí ọkàn yín fẹ́.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí owó náà ṣe ń rìn. Ilé ìwòsàn tí orúkọ yín wà lọ́dọ̀ rẹ̀, èyí tí ẹ máa ń kọ́kọ́ lọ bí ibà bá mú yín, ń gba iye kan pàtó lórí yín lóṣooṣù, bóyá ẹ wá tàbí ẹ kò wá. Ká ní ₦1,000 ni wọ́n ń gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ síbẹ̀ sì tó 400, ₦400,000 ni yóò wọlé fún wọn lóṣù náà. Bí àwọn tí ó ṣàìsàn bá kéré, èrè ni fún ilé ìwòsàn. Bí àwọn ènìyàn bá ya wá, àdánù tiwọn ni. Nítorí náà, ó dára fún wọn pé kí ara yín le, ṣùgbọ́n ó tún lè mú kí wọ́n máa lọ́ra láti ṣe ohun tí yóò ná wọn lówó.

Níhìn-ín, eyín kì í sábà sí nínú owó oṣooṣù yẹn. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ yóò kọ ìwé tí ẹ ó mú dání, HMO yóò fún yín ní kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà àṣẹ fún iṣẹ́ náà, ilé ìwòsàn eyín yóò sì gba owó lórí iṣẹ́ tí kóòdù náà dárúkọ nìkan, ní iye tí àwọn àti HMO ti jọ fẹnu kò lé. Dókítà tí ẹ rí ní Mọ́kọ́lá kò ṣe àìdáa sí yín. Òtítọ́ ni ó sọ pé eyín náà ṣeé gbà là, òtítọ́ ni ó sì sọ pé kóòdù ọwọ́ yín kò dárúkọ iṣẹ́ náà. Ní ti UCH, ilé ìwòsàn ìpele kẹta ni, ìyẹn ìpele tí ó ga jù lọ, wọ́n sì ṣètò adójútòfò ìlera lórílẹ̀-èdè yìí kí ènìyàn máa ti ìpele ìsàlẹ̀ gòkè débẹ̀ ni. Bí dókítà tí ó kọ́kọ́ rí yín bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀ràn yín ju ohun tí òun lè ṣe lọ, ìgbà náà ni ẹ ní ohun tí ẹ lè fi béèrè pé kí wọ́n rán yín lọ sí UCH.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ yíyọ? Nígbà tí ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005, ohun tí wọ́n kọ sí abẹ́ ìtọ́jú eyín kò pọ̀: àyẹ̀wò, ẹ̀kọ́ lórí ìmọ́tótó ẹnu, dídí eyín pẹ̀lú amálígámù, ìyẹn irin aláwọ̀ eérú tí àwọn àgbà mọ̀ dáadáa, àti yíyọ eyín tí kò gba iṣẹ́ abẹ. Irú àkójọ yìí náà ni ẹ ó bá nínú ọ̀pọ̀ ètò HMO aládàáni tí owó rẹ̀ kéré jù, wọn a sì máa fi nǹkan kún un bí owó ṣe ń gòkè. Ìtọ́jú gbòǹgbò eyín kì í sábà sí nínú èyí tí ó kéré jù, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ gba àkókò. Dókítà yóò ya X-ray, yóò ṣí eyín náà, yóò fi àwọn irin tín-ín-rín kó ohun tí ó ti bàjẹ́ jáde nínú ihò gbòǹgbò, yóò fọ̀ ọ́, yóò sì dí i, ó sì lè gba kí ẹ lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ihò kan ni eyín iwájú sábà máa ń ní; eyín ẹ̀yìn a máa ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí ètò mìíràn fi máa ń sanwó gbòǹgbò eyín iwájú, tí kì í sì í san ti ẹ̀yìn.

Ibi tí ẹ ti jàre nìyí. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí wọ́n bá yọ eyín ẹ̀yìn tí ó ṣì wúlò, ìrora yóò lọ, ṣùgbọ́n àwọn eyín tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sínú rẹ̀, èyí tí ó dojú kọ ọ́ lè máa gùn jáde díẹ̀díẹ̀ nítorí pé kò sí ohun tí ó ń dá a dúró mọ́, ẹ ó sì máa fi ẹ̀gbẹ́ kan jẹun. Tí ó bá yá, ẹ ó fẹ́ ra eyín mìíràn láti fi dí àlàfo náà, ìyẹn kò sì sí nínú káàdì. Ọdún kọ̀ọ̀kan ni HMO ń ṣírò owó rẹ̀ sí, nítorí pé àdéhùn ọdún kan ni ó wà láàárín òun àti ilé-iṣẹ́ yín, ó sì ṣeé ṣe kí ilé-iṣẹ́ náà ti gbé ara lọ sọ́dọ̀ HMO mìíràn kí ọdún tó yí po. Ẹ̀yin ní tiyín, bí Ọlọ́run bá fẹ́, ẹ ó máa fi ẹnu yẹn jẹun fún ogójì ọdún sí i. Yíyọ ni ó dínwó jù lọ fún ẹni tí ó ń ṣírò ọdún kan. Kì í ṣe òun ni ó dínwó jù lọ fún yín.

Ohun tí èmi yóò ṣe bí mo bá wà ní ipò yín ni pé n óò lo káàdì náà fún gbogbo ohun tí ó bá gbà, ìyẹn àyẹ̀wò, X-ray bí ó bá wà níbẹ̀, oògùn, àti ohun tí wọ́n lè fi dí eyín náà fún ìgbà díẹ̀ kí ìrora lè rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, n óò béèrè iye tí ìtọ́jú gbòǹgbò náà jẹ́ fún ẹni tí ó ń sanwó lápò ara rẹ̀, n óò sì béèrè bóyá mo lè san án díẹ̀díẹ̀ bí iṣẹ́ náà bá ṣe ń lọ. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá eyín náà yóò nílò adé, ìyẹn ìbòrí tí wọ́n ń dé lé eyín, lẹ́yìn ìtọ́jú, torí pé eyín ẹ̀yìn tí wọ́n ti gbẹ́ inú rẹ̀ máa ń tètè là, owó adé sì yàtọ̀ sí owó gbòǹgbò. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ yín bá fẹ́ tún àdéhùn ṣe, ẹ kó ara yín jọ kí ẹ bá àwọn tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n béèrè iye tí wọn yóò fi kún un kí gbòǹgbò eyín lè wọ inú ètò náà. Iye tí wọn yóò fi kún owó ẹnì kọ̀ọ̀kan lè má pọ̀ tó bí ẹ ti ń rò, torí pé kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ni yóò nílò rẹ̀ lọ́dún kan náà.

Ẹ má ṣe torí pé ẹ ń retí àdéhùn tuntun kí ẹ fi eyín yẹn sílẹ̀. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, tí ara gbóná, tàbí tí itọ́ kò ṣeé gbé mì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kóòdù mọ́. Ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn tí ó bá súnmọ́ yín jù lọ.

ṢÉ ÀJỌ NI, ÀBÍ KÍ NI?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Gbági, mo sì bí ọmọ mẹ́rin, èyí tí ó dàgbà jù jẹ́ ọdún 13, àbíkẹ́yìn jẹ́ ọdún 6. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá wa ní ìsọ̀, ó ní kí a máa dá owó HMO, pé ìtọ́jú eyín wà nínú rẹ̀. Mo bi í pé bí n kò bá lò ó lọ́dún kan ńkọ́, ó ní owó náà ti lọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn kò wọ̀ mí létí. Ẹ là mí lọ́yẹ̀.
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, Gbági

Ìyá wa, òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Bí ẹ bá dá àjọ, owó yín ni yóò padà kó sí yín lọ́wọ́ bí ó bá kàn yín. Èyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀: owó gbogbo yín ni wọ́n kó pọ̀, ẹni tí àìsàn bá kọlù ni yóò jẹ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá gbà á bí àjọ, yóò máa dùn yín ní gbogbo ọdún tí ẹ bá wà ní àlàáfíà, èyí tí kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n eyín yàtọ̀ díẹ̀ sí ìyókù ara nínú ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ abẹ ńlá lè má kan ènìyàn títí ayé rẹ̀. Ní ti eyín, àyẹ̀wò àti fífọ eyín lọ́dọ̀ dókítà jẹ́ ohun tí ó yẹ kí olúkúlùkù ṣe lọ́dọọdún yálà ó ń dùn ún tàbí kò dùn ún. Nítorí náà, bí àyẹ̀wò àti fífọ bá wà nínú ètò tí ẹ fẹ́ rà, tí ẹ sì kó àwọn ọmọ lọ ṣe é, ẹ ti lo owó yín. Ẹni tí ó ń fi káàdì pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ títí eyín yóò fi dùn ún ni owó rẹ̀ ń ṣòfò.

Àbíkẹ́yìn yín tí ó jẹ́ ọdún 6 gan-an ni ó jẹ mí lógún jù. Ní nǹkan bí ọjọ́ orí yẹn ni eyín ńlá mẹ́rin máa ń hù lẹ́yìn àwọn eyín tí ọmọ ń pààrọ̀, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Kò sí eyín tí ó ká kí wọ́n tó hù, nítorí náà òbí kì í fura, a sì máa rò pé wọn yóò ká bí ti iwájú. Wọn kì í ká. Àwọn ni ọmọ náà yóò fi jẹun títí di ọjọ́ ogbó, àwọn náà sì wà lára àwọn tí ó tètè máa ń jẹrà, torí pé wọ́n wà ní ẹ̀yìn pátápátá, ojú wọn sì ní kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí oúnjẹ ń há sí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn bóyá ètò rẹ̀ máa ń sanwó ohun tí wọ́n ń fi bo ojú eyín ọmọdé kí ó má baà jẹrà. Ó ṣeé ṣe kí ó má mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó lọ béèrè kí ó sì mú èsì rẹ̀ padà wá lórí ìwé. (Orín dára, bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sí ohun tí ó ní kí ẹ má rún un. Orín kò lè dí ihò.)

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tí ó ń ta káàdì kì í sọ. Ní 2022, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí àdéhùn Minamata lórí mẹ́kúrì, tí Nàìjíríà sì wà lára wọn, fẹnu kò pé kí a má ṣe fi amálígámù, tí mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀, dí eyín ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, tàbí ti aboyún àti abiyamọ tí ó ń fún ọmọ lọ́yàn, àyàfi bí dókítà bá rí i pé ó pọn dandan fún ẹni náà. Gbogbo àwọn ọmọ yín ni ó wà lábẹ́ ọdún 15. Bí ètò tí wọ́n fẹ́ tà fún yín bá kọ amálígámù nìkan sílẹ̀ fún dídí eyín, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọn yóò fi dí ti àwọn ọmọ, àti pé ta ni yóò san ìyàtọ̀ owó rẹ̀.

Ẹ wo iye ẹni tí owó ìdílé kan gbà. Nínú ètò ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18 ni wọ́n ń kà sí ìdílé kan. Ti àwọn aládàáni lè yàtọ̀. Ẹ tún béèrè oṣù tí ẹ ní láti dúró kí ẹ tó lè lò ó fún eyín. Àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò máa ń bẹ̀rù ẹni tí ó jẹ́ pé ìgbà tí eyín ti ń dùn ún ni ó sáré wá forúkọ sílẹ̀, nítorí náà àwọn mìíràn máa ń fi oṣù díẹ̀ sáàárín.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ yọ̀ǹda ọjọ́ kan. Ẹ gba orúkọ ilé ìwòsàn eyín tí ó wà nínú ètò náà, kí ẹ mú méjì tí ó súnmọ́ ilé tàbí ọjà, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ ara yín débẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ẹ ó rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìsanwó, tí wọ́n tẹ orúkọ àwọn HMO sí lórí, tí wọ́n sì ti fi báírò fa ìlà gba orí àwọn kan kọjá. Àwọn tí wọ́n fa ìlà lé ni àwọn tí ilé ìwòsàn náà kò gbà mọ́. Ìwé ògiri yẹn ṣeé gbára lé ju ìwé tí wọ́n mú wá sí ìsọ̀ yín lọ.

Ẹ sì tún lọ béèrè ti ìjọba ìpínlẹ̀. Òfin NHIA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń rí sí adójútòfò ìlera, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ẹni tí ó ń gbé ní Nàìjíríà ní adójútòfò ìlera, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ní àjọ tirẹ̀, OYSHIA, tí ó wà fún àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ náà. Ẹ fi ohun tí ó wà fún eyín nínú tiwọn wé ti aládàáni kí ẹ tó mú ọ̀kan.

Ìdájọ́ tèmi fún yín: bí àyẹ̀wò, fífọ àti dídí eyín àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà nínú rẹ̀, tí ilé ìwòsàn tí ó gbà á sì wà ní ibi tí ẹ lè fi ọkọ̀ kan dé, ẹ rà á.

ÀWA TÍ Ẹ Ń BÁ JÀ NÍDÌÍ KÁŃTÀ

Ilé ìwòsàn eyín ní Challenge ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo sì ń gba káàdì lọ́wọ́ àwọn aláìsàn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bú wa. Wọn kò mọ̀ pé owó tí HMO ń san lórí iṣẹ́ kan kéré sí iye tí a fi ń ra ohun èlò rẹ̀, àti pé owó tí ó kéré náà lè pẹ́ kí ó tó dé. Ẹ bá wa sọ fún wọn.
Olùtọ́jú ẹnu-ọ̀nà, Challenge

A ti sọ fún wọn. Ẹni tí ó bá ka lẹ́tà yín yóò mọ ohun tí ó fà á tí wọ́n fi ń fi báírò fa ìlà lórí ìwé ògiri tí mo mẹ́nu bà lókè. Bí ilé ìwòsàn kan bá ṣe iṣẹ́ láìgba kóòdù, tàbí tí ó ṣe ju ohun tí kóòdù sọ lọ, kò sí ẹni tí yóò san án fún un, nítorí náà kí ẹ̀yin aláìsàn má ṣe rò pé inú burúkú ni ó ń mú kí wọ́n ní kí ẹ dúró. Kóòdù a sì máa ní ọjọ́ tí ó ń kú. Bí ẹ bá gbà á lónìí tí ẹ sì wá lóṣù tí ń bọ̀, ó lè di dandan kí ẹ tún òmíràn gbà.

Ṣùgbọ́n èmi náà ní ọ̀rọ̀ kan fún yín, àǹtí wa. Aláìsàn tí ó ti jókòó sórí àga, tí ó ti la ẹnu, tí abẹ́rẹ́ ti mú kí ètè rẹ̀ kú, kò yẹ kí ó jẹ́ ìgbà yẹn ni yóò tó gbọ́ pé àfikún owó wà. Mo ti rí i níbi púpọ̀. Ẹ sọ iye tí yóò san fún un nídìí káńtà kí ó tó wọlé, kí ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí ó sì fọwọ́ sí i. Bí ó bá sì jẹ́ ọjọ́ díẹ̀ nìkan lọ́sẹ̀ ni ẹ ń rí àwọn oníkáàdì, ẹ lẹ ìyẹn náà mọ́ ògiri.

EYÍN MẸ́RIN TI JÁBỌ́

Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì ni mí ní Àpáta. Eyín mẹ́rin ti jábọ́ lẹ́nu mi, mo fẹ́ ṣe eyín àtọwọ́dá. HMO wo ni kí n bá lọ?

Bàbá wa, ẹ kú àtijọ́. Bí ó bá jẹ́ nítorí eyín àtọwọ́dá nìkan ni, ẹ má ṣe ra HMO kankan. Ètò tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n kì í sábà sanwó eyín tí ènìyàn ń rà dípò èyí tí ó jábọ́, àwọn tí ó bá sì ń san án a máa fi ààlà sí i. Ká ní ààlà náà jẹ́ ₦50,000 lọ́dún, tí eyín náà sì jẹ́ ₦120,000, ₦70,000 ni yóò ti àpò yín jáde lórí owó káàdì tí ẹ ti san. Ẹ tọ́jú owó káàdì náà, kí ẹ fi kún owó eyín. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ jẹ́ kí dókítà wo erìgì yín, torí pé ohun tí ó mú mẹ́rin jábọ́ lè ti máa bá àwọn ìyókù jà.

ỌMỌ MI NÍ HOUSTON

Ọmọbìnrin mi tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Houston ní kí n bá òun gbàdúrà kí òun lè mọ èyí tí òun yóò mú nínú ètò eyín méjì tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ gbé síwájú rẹ̀: ọ̀kan DHMO, èkejì PPO. Mo ní àdúrà nìkan kọ́, jẹ́ kí n béèrè. Eyín rẹ̀ kan ti là. Èmi náà fẹ́ lọ kí i láìpẹ́.
Ìyá àgbà, Bódìjà

Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ìtàn ètò eyín lọ́hùn-ún ti pẹ́. Ní 1954, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà lọ bá àwọn ẹgbẹ́ dókítà eyín pé kí wọ́n ṣètò bí wọn yóò ṣe máa tọ́jú eyín àwọn ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ náà, ibẹ̀ sì ni ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò eyín tí ó tóbi jù lọ níbẹ̀ lónìí ti ṣẹ̀ wá. Lọ́hùn-ún, ọ̀tọ̀ ni wọ́n sábà máa ń ta ti eyín, ọ̀tọ̀ ni ti ìyókù ara.

DHMO súnmọ́ ohun tí a ti ṣàlàyé fún òṣìṣẹ́ Olúyọ̀lé. Ọmọ yín yóò mú dókítà eyín kan nínú àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀, wọn yóò máa san iye kan fún dókítà náà lóṣooṣù lórí rẹ̀, òun náà yóò sì máa san iye tí wọ́n ti tẹ̀ sórí ìwé fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Owó oṣooṣù rẹ̀ kéré, kì í sì í sábà ní ààlà ọdọọdún. Bí ó bá lọ sọ́dọ̀ dókítà tí kò sí nínú wọn, kò sí ohun tí wọn yóò san, àyàfi bí ó bá jẹ́ pàjáwìrì.

Lábẹ́ PPO, ó lè lọ sọ́dọ̀ dókítà tí ó bá wù ú, ṣùgbọ́n yóò dínwó bí ó bá lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó wà nínú ètò. Ó sábà máa ń rí báyìí: wọn yóò san gbogbo owó àyẹ̀wò àti fífọ eyín, ìdá 80 nínú 100 lórí dídí eyín, àti ìdajì lórí iṣẹ́ ńlá bí adé eyín. Lórí iṣẹ́ tí kì í ṣe àyẹ̀wò àti fífọ, yóò kọ́kọ́ san nǹkan bí 50 dọ́là fúnra rẹ̀ lọ́dún, wọn a sì máa dúró bí ohun tí wọ́n ti san bá ti dé ààlà ọdún, tí ó sábà máa ń wà láàárín 1,000 sí 2,000 dọ́là. Ká ní iṣẹ́ eyín tí ó là náà jẹ́ 2,500 dọ́là, tí ìdajì ni wọ́n ń san, tí ààlà rẹ̀ sì jẹ́ 1,500. Bí ó bá ti san 50 àkọ́kọ́, 2,450 ni yóò kù. Wọn yóò san 1,225, òun yóò sì san 1,275 lápapọ̀. Ohun tí yóò kù fún un nínú ààlà náà títí ọdún yóò fi parí kò ju 275 lọ.

Kí ó ṣe ìṣirò yìí pẹ̀lú nọ́ńbà tí ó wà lórí ìwé tirẹ̀, kí ó fi í wé iye tí DHMO kọ sílẹ̀ fún adé eyín, kí ó sì fi owó tí wọn yóò máa yọ nínú owó oṣù rẹ̀ kún ìhà méjèèjì. Kí ó wo bóyá PPO náà ní kí ó dúró fún oṣù mélòó kan kí ó tó lè ṣe iṣẹ́ ńlá; bí ó bá ní kí ó dúró fún ọdún kan, kò wúlò fún eyín tí ó ti là lónìí. Bí eyín kan bá sì ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó wọ ètò, kí ó wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, torí pé àwọn mìíràn kì í sanwó láti dí àlàfo tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Lójú tèmi, bí dókítà DHMO tí ó dára bá wà ní ìtòsí rẹ̀, kí ó mú un. Bí ó bá jẹ́ pé yóò máa wakọ̀ fún wákàtí kan kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ní lọ, èmi náà kò ní lọ. PPO ni kí ó mú.

Ní ti ìrìn-àjò tiyín, adójútòfò tí wọ́n ń ta fún arìnrìn-àjò kì í sábà ju eyín tí ó dédé bẹ̀rẹ̀ sí í dunni tàbí tí ó kán nínú ìjàǹbá lọ. Ẹ ṣe àyẹ̀wò àti fífọ yín ní Ìbàdàn níhìn-ín kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú.

WỌ́N NÍ ÀWỌN YÓÒ PÈ MÍ PADÀ

Mo ti pe HMO mi fún kóòdù dídí eyín láìmọye ìgbà. Wọ́n kò sọ pé rárá, wọ́n kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. "A óò pè yín padà" ni orin wọn. Kí ni kí n ṣe?
Òṣìṣẹ́ báńkì, Dùgbẹ̀

Ẹ dẹ́kun pípè, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ẹ fi í-meèlì ránṣẹ́ sí wọn, kí ẹ kọ orúkọ ilé ìwòsàn, orúkọ iṣẹ́ tí dókítà ní kí wọ́n ṣe, àti ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ béèrè sínú rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ń rí sí HMO ní báńkì yín. Báńkì ni ó ń sanwó fún wọn, ohùn báńkì ni wọ́n sì máa ń tètè gbọ́. Ẹ ní bí wọn yóò bá kọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì sọ ibi tí wọ́n ti rí i nínú àdéhùn. Bí ìyẹn kò bá so èso, NHIA ni ó ń fún HMO ní ìwé àṣẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ sì lè gbé ẹjọ́ náà lọ pẹ̀lú àwọn ìwé yẹn. Bí ìrora bá wá mú kí ẹ fẹ́ san án lápò ara yín ní báyìí, ẹ béèrè nínú í-meèlì kan náà bóyá wọn yóò dá owó náà padà, kí ẹ sì rí èsì wọn kà kí ẹ tó jókòó sórí àga dókítà, torí pé ọ̀pọ̀ wọn kì í dá owó iṣẹ́ tí wọn kò fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀ padà.